Iná Tí Kò Ní Èéfín, àti Gbèsè Tí Ó Wà Lọ́rùn Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, yálà ọmọ Gánà ni yín, tàbí ọmọ Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Niger, Sẹ̀nẹ̀gà tàbí Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìgbóná ayé tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Àwa ni a óò dúró níwájú ọmọdé tí yóò nawọ́ sókè, tí yóò sì bi wá léèrè ìdí tí òjò kò fi rọ̀ ní àkókò tí bàbá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Wọ́n ní kí a fi èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì sílẹ̀, kí a lọ mú iná tí kò ní èéfín. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá, tí mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé kò sí iná kan tí kò ní gbèsè tirẹ̀ lọ́rùn. Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè ni ẹni tí yóò san án. Àpẹẹrẹ inú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń mú ayé gbóná. Ẹni tí ó bá ti sùn ní Kano tàbí Niamey ní àkókò ọyẹ́ mọ̀ pé oòrùn a máa mú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù a mú débi pé eyín yóò máa gbá eyín. Ní Èkó tàbí Kútọnù kò rí bẹ́ẹ̀; ooru ọ̀sán a máa bá ènìyàn sùn mọ́jú. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a máa padà sí òfuurufú lóru. Ní etí òkun, ìkùukùu àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a dá a dúró bí aṣọ ìbora; ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, aṣọ ìbora náà fẹ́lẹ́, ooru a sì sá lọ. Afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní carbon dioxide, èyí tí àwa fúnra wa ń mí jáde, tí ó sì ń jáde láti inú igi, èédú tàbí epo tí a bá sun, ń ṣe irú iṣẹ́ aṣọ ìbora yìí káàkiri ayé. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, fi ìgò gíláàsì àti oòrùn dán an wò, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní 1856. Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1896. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná rárá.

Afẹ́fẹ́ yìí ti wà kí ènìyàn tó dé ayé, bí kò bá sì sí i, òtútù ìbá ti pa wá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì jẹ́ igi àti ẹ̀dá inú omi àtijọ́ tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Àwa wá ń hú wọn jáde, a sì ń sun wọ́n láàárín igba ọdún péré, bí ọmọ tí ń ná ogún tí kò mọ bí wọ́n ṣe kó o jọ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀, carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ jẹ́ bí ìdá 280 nínú mílíọ̀nù kan. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Lónìí ó ti ju 420 lọ. Aṣọ ìbora ti nípọn sí i. Nínú gbogbo èyí tí ó sì ń jáde lọ́dọọdún láti inú èédú ilẹ̀, epo àti gáàsì lágbàáyé, ti gbogbo Áfíríkà kò ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé alágbẹ̀dẹ Kumasi àti ìyá alákàrà ni ó ń ba ayé jẹ́, ẹ óò mọ èsì tí ẹ óò fún un.

Ó wá kan àwọn iná tí kò ní èéfín. Nínú wọn, ti omi ni a ti mọ̀ pẹ́ jù ní ilẹ̀ wa, èyí tí ó sì kún fún ẹ̀kọ́ jù lọ lójú mi ni ti Akosombo ní Gánà. Ní 1915 ni Albert Kitson, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ti rí i pé Odò Volta ṣeé sé níbi tí ó gbé gba àárín òkè kọjá. Ẹ̀yìn tí Gánà gba òmìnira ni Kwame Nkrumah tó mú un ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, Nkrumah sì ṣí i ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1966. Oṣù kan àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣòro láti kọ́ ọmọdé. Omi tí a sé sókè ní agbára nínú, nítorí pé ó ń wá ọ̀nà àtijá sísàlẹ̀. Bí a bá là ọ̀nà tóóró fún un, yóò yí kẹ̀kẹ́ irin ńlá, kẹ̀kẹ́ náà yóò sì yí ẹ̀rọ amúnáwá. A kò sun nǹkan kan, nítorí náà èéfín kò rú. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà ní Akosombo. Lẹ́yìn àtúnṣe tí ó parí ní 2005, agbára gbogbo wọn di mẹ́gáwáàtì 1,020. Láti 1972 ni iná ibẹ̀ ti ń dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ní Lomé àti Kútọnù ti ka ìwé lábẹ́ iná tí omi Gánà tàn, láìmọ̀.

Kí ni gbèsè rẹ̀? Adágún tí ó wà lẹ́yìn ògiri náà gba ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 8,500. Lábẹ́ omi yẹn ni oko, ojúbọ, ibojì àti ilé àwọn ènìyàn bí 80,000 wà. Wọ́n kó wọn kúrò ní abúlé tí ó ju 700 lọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n dó sí ìlú tuntun 52. Wọ́n kọ́ ilé fún wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè kọ́ ibojì bàbá ẹni fún ènìyàn? Omi tí kò ṣàn mọ́ di ibùgbé ìgbín omi kéékèèké tí ń gbé kòkòrò àrùn bilharzia, ọ̀pọ̀ ọmọdé etí adágún sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ alumíníọ́mù ní Tema ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ wọn ṣì ń tan àtùpà ní ìlú tuntun wọn. Ẹnìkan ni ó jẹun, ẹlòmíràn ni a wá sin gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kainji lórí Odò Ọya ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1969, tí omi rẹ̀ bo ìlú Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Mo fi ti Kainji mọ níbẹ̀, ìtàn kan náà ni.

Ohun tí ó tún ń kọ mí lóminú nípa agbára omi ni pé òjò ni baba rẹ̀. Ní 1983 sí 1984 ọ̀dá dá, adágún Volta fà, wọ́n sì ní láti máa ṣọ́ iná ná. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, omi pọ̀ jù, wọ́n tú u sílẹ̀ nítorí ààbò ògiri náà, ó sì ya wọ Mepe àti àwọn ìlú mìíràn ní ìsàlẹ̀ odò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Èmi kò sọ pé ìgbóná ayé nìkan ni ó fa èyí tàbí èyí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa gbé omi ju èyí tí ó tutù lọ. Ó lè fa omi kúrò lórí ilẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi là, nígbà tí ó bá sì dà á padà, a dà á bí ẹni fi agbada dà á. Òjò tí ìgbóná ayé ń dà rú yìí náà ni a gbójú lé pé kí ó gbà wá lọ́wọ́ ìgbóná ayé.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí oòrùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àná ni a mú agbára oòrùn wọ ilẹ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1965 ni ìjọba Niger ti dá ilé iṣẹ́ kan tí a ń pè ní ONERSOL sílẹ̀ ní Niamey fún ìwádìí agbára oòrùn. Ẹni tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ láti 1969 títí di 1985 ni Abdou Moumouni Dioffo, tí a bí ní Tessaoua ní 1929. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti kọ́ ìmọ̀ físíìsì, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń mura láti jẹ́. Ní 1964 ó tẹ ìwé jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Ó kú ní 1991, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì Niamey. Lára ohun tí ONERSOL ṣe ni ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ yẹn kò kọjá òye ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ẹ mú agolo mílíìkì méjì tí ó rí bákan náà. Ẹ fi èédú ìdí ìkòkò kun ọ̀kan ní dúdú, ẹ jẹ́ kí èkejì máa dán. Ẹ bu omi tí ó dọ́gba sínú wọn, ẹ fi dígí bo ẹnu wọn, ẹ sì gbé wọn sínú oòrùn ní agogo mẹ́wàá. Ní agogo méjìlá, kí ọmọ kan ti ìka bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ti agolo dúdú ni yóò gbóná jù, nítorí pé dúdú a máa gba oòrùn mọ́ra, ohun tí ń dán a sì máa dá a padà. Dígí kò sì jẹ́ kí ooru tètè sá lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé kò ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀, àti nítorí pé èédú tí ń dọ̀tí ọwọ́ ìyá ọmọ náà nílé ni ó wá di irinṣẹ́ ìmọ̀.

Pátákó sólà tí ń sọ oòrùn di iná mànàmáná yàtọ̀ sí èyí. Ní 1954 ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi èyí tí ó kọ́kọ́ wúlò han ayé. Nínú ìdá 100 oòrùn tí ó bà lé e, bí 6 ni ó ń sọ di iná. Púpọ̀ nínú ti òní ju 20 lọ. Owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀: ohun tí à ń rà ní dọ́là 10 ní 2010 ti di nǹkan bí dọ́là kan ní 2020. Ní Zagtouli, lẹ́bàá Ouagadougou, wọ́n ṣí pápá sólà tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 33 ní 2017. Gbèsè tirẹ̀ ńkọ́? Eruku ọyẹ́ a máa bo pátákó náà lójú, ènìyàn sì ní láti máa nù ún. Ilẹ̀ a ṣú, bẹ́ẹ̀ sì ni òru ni a ń wá iná jù. Nítorí náà a ní láti ra bátìrì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ nílé ni ó sì ní òjé nínú. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, láàárín 2007 sí 2008, òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń tú ní àdúgbò pa ọmọdé 18. Irú bátìrì kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń so mọ́ sólà. Tí ó bá kú, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ni a ń jù ú sí, kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ ilé ìwé lè fi òkúta fọ́ ṣeré.

Títí di ìsinsìnyí, iná tí ń tàn nínú gílóòbù ni mo ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí èéfín ti ń pa wá jù kì í ṣe ilé iṣẹ́ iná, bí kò ṣe ilé ìdáná. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tí ó ju bílíọ̀nù méjì lọ ni ó ṣì ń fi igi, èédú, ìgbẹ́ ẹran tàbí kẹrosíìnì dáná, àti pé èéfín inú ilé pa ènìyàn bí mílíọ̀nù 3.2 ní 2020. Níbi yìí, èrò mi lè má tẹ́ àwọn kan lọ́rùn. Gáàsì ìdáná jẹ́ ọmọ ìyá epo rọ̀bì, kò sì mọ́ tán. Síbẹ̀, bí ìyá kan ní Tamale bá lè fi gáàsì rọ́pò igi, kí ó rà á. Ojú rẹ̀ yóò sinmi, ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn yóò mí dáadáa, igi oko yóò sì dúró. Ẹni tí ó ti fi èédú ilẹ̀ kọ́ ilé olókè mẹ́wàá kò lẹ́nu láti sọ pé kí ìyá yẹn dúró de sólà.

Mo padà sí ti omi àti oòrùn, nítorí pé ìlú Gánà kan náà ti ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní Bui, lórí ẹ̀ka Volta tí a ń pè ní Volta Dúdú, wọ́n sé odò, wọ́n sì ṣí i ní 2013. Agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 404. Nígbà tí ó yá, wọ́n tẹ́ pátákó sólà tí ó tó mẹ́gáwáàtì 50 sí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tún mú díẹ̀ léfòó lórí omi adágún fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, wọ́n lè dín omi tí wọ́n ń tú kù; bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n a ṣí ọ̀nà fún èyí tí wọ́n fi pamọ́. Adágún ni bátìrì wọn, kò sì sí òjé nínú rẹ̀. Èyí tí ó léfòó kò gba oko ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ wọn nítorí ti Bui tó bí 1,200, àwọn náà ṣì ń bèèrè ohun tí ó yẹ wọ́n.