Ìgbín: Ìsọ̀rí, Ibùgbé àti Orúkọ Rẹ̀

Bí ènìyàn bá béèrè ìgbín ní ọjà Mile 12 tàbí ní Kétu, ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìtóbi ni ọlọ́jà yóò fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ọ̀nà yìí tó fún kárà-kátà, ṣùgbọ́n kò tó fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Láti 1758 tí Linnaeus ti lo ìlànà rẹ̀ fún gbogbo ẹranko, orúkọ méjì ni onímọ̀ ń fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan: èkíní ń sọ ìran rẹ̀, èkejì ń tọ́ka sí ẹ̀yà. Àwọn ìran tí ó bá ara wọn tan ni ó para pọ̀ di ìdílé. Nínú ìdílé Achatinidae, ẹ̀yà mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ yàtọ̀:

(i) Archachatina marginata: ìdí ìkarahun rẹ̀ rí bìrìkìtì, ẹyin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tóbi. Ó ń gbé igbó gúúsù Nàìjíríà títí dé agbègbè odò Kóńgò.

(ii) Achatina achatina: ìdí tirẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹyin rẹ̀ kéré, ó sì pọ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀.

(iii) Lissachatina fulica, tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Achatina fulica: ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó pẹ̀lú. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ènìyàn ni ó gbé e kiri ayé.

Kí wá ni ọ̀rọ̀ náà “ìgbín” dúró fún? Bràsíl tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ní ilé Candomblé, níbi tí Ọbàtálá ti ń jẹ́ Oxalá, “igbin” ṣì ni orúkọ ohun ìrúbọ òrìṣà náà. Megalobulimus, ìran ìgbín igbó Gúúsù Amẹ́ríkà tí kò sí nínú ìdílé Achatinidae rárá, wà lára ohun tí orúkọ yìí bọ́ sí lórí. Nítorí náà, “ìgbín” kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà, ìran tàbí ìdílé kan. Orúkọ àjùmọ̀jẹ́ ni.

Ewu wà nínú àìmọ̀yàtọ̀. Ní 1988 ni wọ́n mú fulica wọ ìpínlẹ̀ Paraná ní Bràsíl láti máa sìn ín fún jíjẹ. Nígbà tí kò rí ọjà, ó bọ́ sí ìgboro, ó sì gbilẹ̀. Ní 2005 ni ìjọba fi òfin de sísìn ín. Bí àwọn ènìyàn ti ń ṣà á pa, wọ́n ń ṣi Megalobulimus pa mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà kan nínú ìran yìí sì ti ń ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀. Ètè ìkarahun àgbà Megalobulimus nípọn; ti fulica fẹ́lẹ́.

Nítorí èyí, kí ìrísí fi ìran hàn, kí ibùgbé sì fi ẹ̀yà hàn: ìgbín onídìí-bìrìkìtì fún Archachatina, ìgbín onídìí-ṣóńṣó ti ìwọ̀-oòrùn fún achatina, ti ìlà-oòrùn fún fulica, ìgbín elétè-nínípọn fún Megalobulimus. Bí ìwé ìkìlọ̀ kan bá sọ fún àgbẹ̀ kan ní Ìkòsí pé kí ó pa “ìgbín” tí ń ba ọ̀gbìn jẹ́, láìsí àfikún kankan, èwo ni yóò pa?