Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Ọjọ́ tí Ọmọ Ń Kọ Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Sínú Ìrẹsì

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rin ìrìn àjò lọ sí Kerala, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Malayalam. A fẹ́ wo ayẹyẹ kan tí àwọn ìdílé ibẹ̀ ń ṣe fún ọmọ kékeré. A fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó yẹ fún un. Ẹ fi ara balẹ̀ kà á. Ẹ má kánjú. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣòro, ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìparí ẹ̀kọ́.

1. Àjọ̀dún náà

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pè ní Navaratri. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "òru mẹ́sàn-án". Oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá ọdún ni ó máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé òru mẹ́sàn-án náà ni wọ́n ń pè ní Vijayadashami, èyíinì ni "ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ ìṣẹ́gun".

Ní Kerala, ọjọ́ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, wọn a kó ìwé jọ síwájú àwòrán tàbí ère Saraswati, òrìṣà obìnrin tí wọ́n gbà pé òun ni ó ni ẹ̀kọ́ àti ọgbọ́n. Káfíńtà a gbé ayùn àti òòlù tirẹ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ a fọ ọkọ̀ rẹ̀, a fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọn kì í ka ìwé, oníṣẹ́ ọwọ́ kì í sì í fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ọmọ ilé-ìwé wo ni kò ní fẹ́ràn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, mo mọ̀ wọ́n! Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹwàá bá ti mọ́, kálukú a gba ìwé rẹ̀ padà, a sì ka díẹ̀ nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ náà.

2. Ayẹyẹ ọmọ

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá yìí kan náà ni àwọn òbí ń mú ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà kankan wá. Vidyarambham ni orúkọ ayẹyẹ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́". Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà máa ń wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún. Nígbà tí àwa wà ní kékeré, wọn a ní kí a na ọwọ́ kọjá orí kí ó kan etí kejì, kí wọ́n tó gbà wá sí ilé-ìwé. Ní ti Kerala, àwo ìrẹsì ni wọ́n ń gbé síwájú ọmọ.

Àgbàlagbà kan a gbé ọmọ náà sórí itan. Ó lè jẹ́ bàbá àgbà, tàbí olùkọ́, tàbí àlùfáà, tàbí òǹkọ̀wé tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún. A fi òrùka wúrà kọ lẹ́tà sí ahọ́n ọmọ náà, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Lẹ́yìn èyí, a di ìka ìfábẹ̀lá ọmọ náà mú, a sì fi kọ lẹ́tà sínú ìrẹsì tútù tí a tẹ́ sínú àwo. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Hari Sri". Wọ́n fi ń júbà àwọn òrìṣà wọn, pàápàá Ganapati, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ń mú ìdènà kúrò lọ́nà. Ọmọ mìíràn a rẹ́rìn-ín. Òmíràn a figbe ta, a máa wá ìyá rẹ̀. Títí di òní, bí ará Kerala bá fẹ́ sọ pé òun bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun, ó lè wí pé òun ti kọ "Hari Sri" rẹ̀.

3. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ àti wákàtí

Wọ́n ní irú kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ń pè ní panchangam, èyíinì ni "ẹ̀ka márùn-ún". Ó ń sọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ òṣùpá, àti ìràwọ̀ tí òṣùpá wà lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ̀ka méjì yòókù, láti inú ìrìn òòrùn àti òṣùpá ni wọ́n ti ń ṣírò wọn.

Ẹ gbọ́ ná: ọjọ́ òṣùpá kì í ṣe wákàtí 24 géérégé. Ó lè jẹ́ nǹkan bí wákàtí 19, ó sì lè tó 26. Nítorí náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán tàbí ní òru. Ẹ wo ọdún 2024. Ọjọ́ òṣùpá kẹwàá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá. Ó parí ní kété lẹ́yìn aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ 13. Ní ibi púpọ̀ ní Íńdíà, ọjọ́ 12 ni wọ́n ṣe ọdún. Ní Kerala, wọ́n wo ìgbà tí òòrùn yọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ 13 ni òòrùn yọ bá ọjọ́ òṣùpá kẹwàá, nítorí náà ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13, ni àwọn ọmọ kọ lẹ́tà. Ìyá tí kò bá lè ka kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ lè wọ aṣọ tuntun fún ọmọ ní ọjọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀!

Wákàtí náà tún wà. Lójoojúmọ́, wọ́n ní wákàtí kan àti ààbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rahukalam. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun ní àkókò náà. Bí a bá ka òòrùn yíyọ sí aago 6, báyìí ni ó rí ní ọjọ́ mẹ́ta:

Ọjọ́ Ajé: aago 7:30 sí 9 òwúrọ̀.
Ọjọ́ Ẹtì: aago 10:30 òwúrọ̀ sí 12 ọ̀sán.
Ọjọ́ Àìkú: aago 4:30 sí 6 ìrọ̀lẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó tàbí ìṣílé, ìdílé a lọ bá awòràwọ̀ kí ó yan wákàtí rere fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n gbà pé Vijayadashami fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọjọ́ rere. Wọn kì í tún wá ọjọ́ kiri.

4. Ètò tí ìdílé ń ṣe

(a) Wọn a wo kàlẹ́ńdà ṣáájú, kí àwọn ẹbí tí ó wà lọ́nà jíjìn lè tọrọ ààyè níbi iṣẹ́.

(b) Wọn a yan ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Àwọn kan ń ṣe é nílé. Àwọn mìíràn ń lọ sí tẹ́ńpìlì Saraswati ní Panachikkad, nítòsí Kottayam. Àwọn mìíràn ń lọ sí Thunchan Parambu ní Tirur, ibi tí wọ́n kà sí ilé Ezhuthachan, akéwì tí wọ́n ń pè ní bàbá èdè Malayalam. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọn a tètè jí.

(d) Wọn a yan ẹni tí yóò di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọn a sì bẹ̀ ẹ́ ṣáájú.

(e) Wọn a pèsè àwo, ìrẹsì, ewé betel, àti owó díẹ̀ fún olùkọ́.

5. Ọjọ́ rere fún ta ni?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kù o. Fún ìgbà pípẹ́, ọjọ́ rere yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Àwọn ìran kan wà tí wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn wọ ilé-ìwé. Ayyankali (1863–1941), ọmọ ìran Pulaya, bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Òun alára kò mọ̀wé. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ oko lẹ́yìn, wọ́n sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní oko àwọn onílẹ̀, kí a lè gba àwọn ọmọ wọn sí ilé-ìwé.

Nígbà tí ó yá, Kerala dìde láti kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1991, ní ìlú Kozhikode, wọ́n kéde pé gbogbo Kerala ti di ìlú ọ̀mọ̀wé. Ta ni ó dìde kéde rẹ̀? Kì í ṣe mínísítà. Chelakkodan Ayisha ni, obìnrin Mùsùlùmí láti agbègbè Malappuram, tí ó dàgbà kí ó tó kọ́ ìwé ní kíláàsì àwọn àgbà.

Ọjọ́ tí Ayisha jókòó sí kíláàsì ni ọjọ́ rere tirẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ náà kọ orúkọ rẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Ǹjẹ́ o rántí rẹ̀? Bí o bá rántí, kọ ọjọ́ náà sí iwájú ìwé yìí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ Vidyarambham?
2. Kí ni wọn kì í ṣe ní ọjọ́ kẹsàn-án?
3. Kí ni ó fà á tí Kerala fi ṣe tiwọn ní ọjọ́ 13 ní ọdún 2024?
4. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ oko fẹ́ gbà nígbà tí wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ayẹyẹ wo ni ó ń bọ̀ ní ilé rẹ? Kọ ọjọ́ rẹ̀, aago rẹ̀, ibi tí a ó ti ṣe é, àti ohun mẹ́ta tí ẹ ó pèsè. Má ṣe bẹ ọmọ ilé-ìwé kí ó bá ọ kọ ọ́ o.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Awòràwọ̀: ẹni tí ń wo ìràwọ̀ láti yan ọjọ́ tàbí wákàtí.
Ewé betel: ewé kan tí àwọn ará Íńdíà ń jẹ lẹ́nu, tí wọ́n sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.
Ìka ìfábẹ̀lá: ìka tí ó tẹ̀ lé àtàǹpàkò.
Ọjọ́ òṣùpá: ọjọ́ tí a fi ìrìn òṣùpá kà.