Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ìmọ́tótó fún Àgbàlagbà Aláàbọ̀ Ara

Ní ayé àtijọ́, bí a bá ti gbọ́ pé wòlé-wòlé ń bọ̀, kò sí agbo ilé tí ìgbálẹ̀ kì í dún. Lónìí, iṣẹ́ tí wòlé-wòlé ń fi ipá mú ènìyàn ṣe ti di iṣẹ́ tí a ń gba owó oṣù lé lórí. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo wọn ni ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò máa nu fèrèsé, tí yóò sì máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀kà Àkókó, níbi tí ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Ìkàrẹ́, tàbí ní Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin fìdí kalẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí kò ní àgbàlagbà tí ó jókòó sílé láti òwúrọ̀ di alẹ́, kì í ṣe nítorí pé ó ya ọ̀lẹ, bí kò ṣe nítorí pé ó jẹ́ adití, tàbí afọ́jú, tàbí arọ, tàbí ẹni tí òye rẹ̀ kì í tètè mú nǹkan. Àwọn baba ńlá Yorùbá a máa pe irú wọn ní ẹni òrìṣà, wọn a sì máa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ nìkan kì í yó ènìyàn. Bí òbí tí ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, tí ó sì kú, ta ni yóò bọ́ ọ? Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yẹ kí á gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹ̀ wò nígbà tí òbí ṣì wà láàyè.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ nìkan ni ó tọ́ sí aláàbọ̀ ara. Afọ́jú ti di agbẹjọ́rò, arọ sì ti di olùkọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí kò rí ẹ̀kọ́ ìwé kà nígbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ ìmọ́tótó jẹ́ ilẹ̀kùn kan tí a lè ṣí láìpẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ẹ̀tọ́ du aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ó pàṣẹ pé ní ibi iṣẹ́ ìjọba, dé ibi tí agbára bá lè gbé e dé, kí àwọn aláàbọ̀ ara má dín ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: níbi tí ogún òṣìṣẹ́ bá wà, ó yẹ kí á rí ẹnì kan, níbi tí ogójì bá wà, ẹni méjì, níbi tí ọgọ́rùn-ún bá wà, ẹni márùn-ún.

Òfin kan náà ka a sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi aláàbọ̀ ara ṣagbe. Ẹni tí ó bá ń fa afọ́jú kiri ọjà láti fi tọrọ owó lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jìyà méjèèjì. Nítorí náà, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn agbe. Ó kù kí á ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ IṢẸ́ NÁÀ

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Marc Gold fi hàn pé àwọn tí òye wọn lọ́ra gidigidi lè to bíréèkì kẹ̀kẹ́ pọ̀ láìṣe àṣìṣe, bí olùkọ́ bá pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń kọ́ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ni kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Kí ó má ṣe dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi.

Bí ẹni tí ó lára dá ṣáṣá bá ní òun fẹ́ nu ilẹ̀, gbólóhùn kan ni lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni:

1. Gbé àmì pé ilẹ̀ tutù sí ẹnu ọ̀nà.
2. Kó àga sí ẹ̀gbẹ́ kan.
3. Gbá ilẹ̀, kí o sì kó ìdọ̀tí.
4. Bu omi ọṣẹ sí garawa kan, kí o bu omi lásán sí èkejì.
5. Rẹ mọ́ọ̀pù sínú omi ọṣẹ, kí o sì fún un.
6. Bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun yàrá, kí o máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà.
7. Ṣan mọ́ọ̀pù nínú omi lásán. Bí omi bá dúdú, pààrọ̀ rẹ̀.
8. Fọ mọ́ọ̀pù, kí o sì fi í kọ́ kí ó lè gbẹ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe èkíní títí yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa, kí á tó fi èkejì kún un. Inú ilé tí yóò ti ṣiṣẹ́ gan-an ni kí á ti kọ́ ọ, nítorí pé ẹni tí ó mọ ilẹ̀ kíláàsì í nù lè ṣìnà bí ó bá dé ilé ìwòsàn. Kí olùkọ́ máa bá a lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀; bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń mọ́ ọn, kí olùkọ́ máa fà sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà ìkọ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Kí á fi ojú han adití, kí ó rí ọwọ́ olùkọ́. Kí á fi àwòrán ìgbésẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ ara ògiri fún ẹni tí ó máa ń gbàgbé. Kí afọ́jú máa fi ọwọ́ kan etí tábìlì, kí ó sì máa nù ún ní ìlà-ìlà, kí ìlà kan máa gun orí èkejì díẹ̀. Kí á má sì ṣe yí ipò àga àti garawa rẹ̀ padà láìsọ fún un. Arọ lè jókòó nu tábìlì, ilẹ̀kùn àti gíláàsì ìsàlẹ̀ fèrèsé, kí ẹlòmíràn nu ti òkè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

EWU TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Igi gańgan má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Omi apakòkòrò tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Jik tàbí Hypo, wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ ásíìdì ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, èéfín olóró yóò jáde, yóò sì ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi nìkan ni kí á fi là á.

Afọ́jú kò lè ka ohun tí a kọ sára ìgò. Nítorí náà, kí á so rọ́bà mọ́ ọrùn ìgò kan, kí á fi èkejì sílẹ̀ láìso. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí àkísà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ó má ṣe dé orí tábìlì oúnjẹ láéláé. Kí òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà.

OWÓ IṢẸ́

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti ọdún 1938 pé kí ìjọba máa ra ọjà tí àwọn afọ́jú bá ṣe. Ní ọdún 1971 ni wọ́n fẹ òfin náà lójú, tí ó fi kan àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn àti iṣẹ́ ọwọ́ bí ìtọ́jú ilé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ aláàbọ̀ ara ti ń tọ́jú ọ́fíìsì ìjọba. Síbẹ̀, àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé a yọ̀ǹda fún àwọn agbanisíṣẹ́ kan láti san owó tí ó kéré fún wọn. Kí Àkókó kọ́ ọgbọ́n nínú èyí. Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2024 fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000, kò sì sọ pé ti aláàbọ̀ ara yàtọ̀.

Kí owó náà wọ àpò ẹni tí ó ṣiṣẹ́, kí ìwé ìfowópamọ́ sì jẹ́ ti orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá lè bá a ṣírò rẹ̀; wọn kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí á sì rántí pé òkè pọ̀ ní Ọ̀kà: bí arọ bá ń gun ọ̀kadà lọ, tí ó ń gun ọ̀kadà bọ̀ lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ lè jẹ ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ibi iṣẹ́ tí ó súnmọ́ ilé ni kí á kọ́kọ́ wá fún un.

IBI TÍ A Ó TI BẸ̀RẸ̀

Kò dìgbà tí a bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ka iye àgbàlagbà aláàbọ̀ ara tí ó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí ó wù wọ́n. Kí á tọ olórí ilé ẹ̀kọ́ kan tàbí ilé ìwòsàn kan lọ, kí ó gba ẹni méjì fún oṣù mẹ́ta, kí òṣìṣẹ́ àgbà kan máa kọ́ wọn. Bí méjì bá yege, ẹlòmíràn yóò béèrè fún mẹ́ta. Ilé tí ó mọ́ ni yóò jẹ́rìí sí ọwọ́ tí ó tọ́jú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Bí ọ́fíìsì ìjọba kan bá ní ọgọ́ta òṣìṣẹ́, aláàbọ̀ ara mélòó ni òfin fẹ́ kí ó wà níbẹ̀?
2. Èéṣe tí ẹni tí ń nu ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà?
3. Oògùn méjì wo ni a kò gbọdọ̀ pò pọ̀?
4. Ta ni ó wà ní àdúgbò yín tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, kí ni ó sì ń dí i lọ́wọ́?