Ẹ Wọn Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Pe Èrò

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ọmọdé 35 kú níbi àríyá ọ̀fẹ́ kan ní Bashorun, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́. Àwọn kan ní ebi ló fà á. Àwọn kan ní a kò mọ ìlà tò nílẹ̀ yìí. Àwọn mìíràn di ẹ̀bi ru àwọn ìyá, ìyẹn ló sì dùn mí jù, nítorí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ nà. Ebi wà lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ipá ló ń pa èèyàn nínú èrò tó fún pọ̀, ipá yìí sì ṣeé ṣírò kí ọjọ́ òde tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìsọjí, kánífà, òde olórin àti pínpín ìrẹsì ni mo ń bá wí jù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fisíìsì ti ń wo èrò. Ní 1971, L. F. Henderson wọn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọdé ṣe ń yára sí ní Sydney, ó sì rí i pé ìṣirò tí a fi ń mọ ìrìn àwọn horo afẹ́fẹ́ bá tiwọn mu dé ìwọ̀n kan. Ó lè bí èèyàn nínú kí wọ́n fi òun wé afẹ́fẹ́. Èmi náà mọ̀ pé èèyàn lọ́kàn, ó lóye, ó sì lójú àánú. Àmọ́ bí ààyè bá ti tán, òye ẹnì kan ṣoṣo kò ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú. Èèyàn mẹ́rin lè dúró síbẹ̀, kí wọ́n sì ráyè yíjú síra wọn. Bí ó bá di mẹ́fà, ara ti ń kan ara. Láti méje lọ sókè, kò sẹ́ni tó ń dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé mọ́. Èrò náà ti ń ṣàn bí omi. Bí ẹnì kan bá fi èjìká ti ẹni iwájú rẹ̀ díẹ̀, títì náà á gba ara ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, á sì máa le sí i. Bàtà á bọ́, ẹsẹ̀ lè kúrò nílẹ̀, ọwọ́ tó bá wà nísàlẹ̀ kò ní ṣeé gbé sókè mọ́. Àyà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí èémí tó wọlé. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá ti dì í mú, bí ìgbà tí a gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ rírin kí omi rẹ̀ lè ro dànù, èémí kò ní ríbi wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń sọ pé wọ́n tẹ̀ pa, orí ìdúró ni wọ́n kú sí.

Mina, lẹ́bàá Mẹ́kà, ni wọ́n ti rí èyí kedere. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kìíní 2006, ó lé ní 340 èèyàn tó kú lẹ́nu afárá Jamarat, níbi tí àwọn tó wá ṣe Háàjì ti ń sọ òkò. Kámẹ́rà ń ya gbogbo rẹ̀. Dirk Helbing, onímọ̀ fisíìsì ọmọ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti fídíò náà, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007. Èrò kọ́kọ́ ń lọ geere. Nígbà tó yá, ó ń dúró, ó ń rìn, ó tún ń dúró, ìgbì sì ń ti iwájú bọ̀ sẹ́yìn. Ó tó bí ìdajì wákàtí kí ìgbì náà tó dàrú, tó wá ń gbọn èèyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìdajì wákàtí yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àmì ti hàn, àyè ṣì wà láti ṣí ọ̀nà.

Ìjọba Saudi wó afárá náà, wọ́n kọ́ òmíràn tó ní àjà púpọ̀, kí ẹni tó ń lọ má baà pàdé ẹni tó ń bọ̀. Síbẹ̀, ní 2015, èrò méjì pàdé ní ìkóríta kan ní Mina kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì kú, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Kì í ṣe orí afárá rárá ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá ṣírò tiyín. Pápá tó gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 20, kò gbọdọ̀ gbà ju 2,400 èèyàn lọ, ìyẹn èèyàn mẹ́rin fún mítà kan níbùú lóròó, ẹ ó sì yọ ibi ìtàgé àti tábìlì kúrò níbẹ̀. Géètì tó fẹ̀ ní mítà kan ń gba bí èèyàn 80 jáde ní ìṣẹ́jú kan, bí wọ́n bá rọra ń lọ. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 15 kí 2,400 tó gba géètì mítà méjì jáde tán. Bí ìkéde yín lórí rédíò bá wá pe 6,000 ńkọ́? Bí wọ́n bá sì ń sáré, á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èjìká á há mọ́ èjìká lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣe ti géètì pa láti ìdájí kí èrò máa kóra jọ síta, kí ẹ wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ìwọ fúnra rẹ bá wà láàárín èrò, tí ara bá ti ń kàn ọ́ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, jáde nígbà yẹn. Má dúró de ẹ̀bùn. Ní Itaewon, ní Seoul, níbi tí èèyàn 159 kú sí ní 2022, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ ṣáájú tí ẹnì kan ti pe ọlọ́pàá pé èrò yìí lè pa èèyàn. Bí ó bá ti pẹ́ jù láti jáde, ká ọwọ́ rẹ méjèèjì síwájú àyà, jìnnà sí ògiri, má bẹ̀rẹ̀ mú fóònù tó bọ́, bá ìgbì lọ, kí o sì máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá rọlẹ̀.

Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í ṣe ìkà. Bí àwọn tó wà níwájú bá ṣe ń fún pọ̀ sí i, àlàfo ń ṣí níwájú tirẹ̀, ó sì rò pé ìlà ti ń lọ ni. Nítorí náà, ẹ gbé ẹnì kan lé orí ohun tó ga, kí ó mú gbohùngbohùn dání, kí ó sì kọjú sí ẹ̀yìn èrò: "Ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín kó sún."