Bíréèkì Ni Kí O Kọ́kọ́ Tún Ṣe

Abẹ́òkúta,
Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àjàní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lánàá, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní o ti ká tapólì kúrò lára píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ, o ti ra bátìrì tuntun, o sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dún kí Kérésì tó dé. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mọ́tò yẹn ti wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú àgbàlá yín ní Ajégúnlẹ̀, tí àwọn ará ilé ń sá aṣọ lé e, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀yin ọmọ, ìwọ àbíkẹ́yìn lo béèrè ohun tó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, tú bátìrì yẹn kúrò, gbé e wọ yàrá. Má tíì yí kọ́kọ́rọ́. Bíréèkì ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: mọ́tò tí kò tíì lè rìn, kí ló fẹ́ fi bíréèkì ṣe? Ohun tí èmi àti bàbá rẹ náà sọ nìyẹn ní ọdún 1991. Mi ò rò pé wọ́n sọ ìtàn yìí fún ọ rí, torí ó máa ń dùn wọ́n.

Àlòkù ni wọ́n ra mọ́tò náà, ó sì ti dákẹ́ fún ọdún méjì kí wọ́n tó rà á. Ọjọ́ Sunday mẹ́rin la fi tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí a tún fi tò ó padà. Lọ́jọ́ tó dún, àwọn ará ilé tú jáde, ẹnì kan ń lu páànù, ìyá rẹ ń sunkún ayọ̀. Nínú ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn táyà. A kó sínú rẹ̀, ó di Ìjọ́rà. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá padà sí Apapa, bàbá rẹ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn lọ tààrà, ó kan ilẹ̀ mọ́tò. Wọ́n tún un tẹ̀. Òfìfo ni. Wọ́n fa háńbíréèkì, okùn rẹ̀ já. Wọ́n wá já jíà sí ìkínní, ẹ́ńjìnnì ké, wọ́n yí sítíá sí ẹ̀bá títì, a sì wọ inú àtíbàbà oníbọ̀lì kan lọ. Ààrò fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà sílẹ̀, ẹyin iná fọ́n ká. Ìyá tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò nídìí ààrò náà ni, ó lọ wá ṣéńjì.

Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò lè dìde. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń san owó fún ìyá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lóṣù kejì ni obìnrin náà ti ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n bá òun wò, ìbáà jẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì lẹni tó ni ín ń tọ́ka sí, kí wọ́n má kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wo ẹsẹ̀ táyà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń fà á. Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe máa ń ṣe lásìkò òjò. Níbi tí ẹ wà yẹn, láàárín ọ̀sà àti èbúté, afẹ́fẹ́ kì í gbẹ. Omi yẹn á mú kí inú sílíńdà bíréèkì dípẹtà, ìpẹtà á ha rọ́bà inú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá wá tẹ̀ ẹ́ gidi ni yóò jò. Bí bíréèkì bá sì gbóná, omi náà á hó, á di oru. Òróró kò ṣe é fún pọ̀, oru ṣe é fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń lọ lófìfo.

Nítorí náà, tú gbogbo rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 bíi ti bàbá rẹ ń lo dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Pààrọ̀ rọ́bà inú sílíńdà ńlá tó wà lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì àti ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pààrọ̀ àwọn hóòsì rọ́bà, bí wọ́n tilẹ̀ ń dán lójú. Fi ọwọ́ pa páìpù irin tó gba abẹ́ ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá ń bó lọ́wọ́ rẹ kò ṣe é fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o da òróró ẹ́ńjìnnì sí bíréèkì kí owó lè dínkù, má jẹ́ kó fọwọ́ kan mọ́tò náà mọ́, torí rọ́bà á wú, á sì bà jẹ́. Tó bá di pé kí o lé afẹ́fẹ́ jáde, jẹ́ kí ìyá rẹ jókòó sídìí sítíá kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, kí ìwọ wà lẹ́sẹ̀ táyà, kí o bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó jìnnà jù sí sílíńdà ńlá. Wọ́n á tẹ̀, ìwọ á tú, ìwọ á dè, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ títí òróró á fi jáde láìsí ìfófòó kankan.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ń kó mi láyà sókè. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí mọ́tò náà wà lórí rẹ̀ ti jẹ òjò ọdún mẹ́sàn-án. Irú rẹ̀ kì í kilọ̀ kó tó fọ́. Kí o tó fi orí wọ abẹ́ mọ́tò, wá igi líle tó nípọn, tò ó sábẹ́ ṣáásì lọ́tùn-ún lósì, má sì gbọ́kàn lé jáàkì nìkan. Mo mọ ọmọọṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Olódi tó fi jáàkì nìkan gbé mọ́tò; mi ò fẹ́ sọ ìyókù.

Táyà tó wà nínú yàrá, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí: 2214 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014. Kó wọn dànù, bí ojú wọn tilẹ̀ ṣì le.

Nígbà tí bíréèkì bá ti le lẹ́sẹ̀ bí òkúta, ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Lẹ nọ́ńbà mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kí o tó yọ ọ́, torí ètò tí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń tan iná ni 1, 3, 4, 2. Bí o bá gbé wọn pàṣípààrọ̀, o máa bú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀. Yọ púlọ́ọ̀gì, ta òróró díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, fi sípánà yí i láti iwájú, jẹ́jẹ́. Bó bá kọ̀, ta òróró sí i, kí o lọ sùn. Fífi agbára yí i ló ń fọ́ nǹkan. Epo bẹntiróòlù ọdún mẹ́sàn-án ti di oje inú tánkì. Dà á nù, fọ tánkì, tú kábúrétọ̀, fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀. Wo wáyà dáadáa, torí eku Ajégúnlẹ̀ kì í fi wáyà sílẹ̀. Pọ́ìntì inú dísítíríbútọ̀, mìlímítà 0.4 ni kó fi là.

Bí mẹkáníìkì bá ní àfi kí ẹ ṣí tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ihò tí písítìn ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì 504. Sílíìfù tí a kì bọ̀ ọ́ ni, omi ló yí i ká, ohun tó sì ń dí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò, kí ẹnikẹ́ni má yí ẹ́ńjìnnì àfi tí ẹ bá ti fi nǹkan de àwọn sílíìfù náà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sún díẹ̀, omi á máa wọ inú òróró, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ń gbà.

Àwọn kan á ní kí o gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sí i. Àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ḿ náà á dé, wọ́n á ná an. Dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Mọ́tò yìí kì í ṣe irin lásán fún bàbá rẹ. Ọdún 1975 ni wọ́n dé Apapa, ọdún tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì dúró sójú òkun tí èbúté kò gbà wọ́n. Alágbàrù ni wọ́n nígbà náà, lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ǹtì kì í kúrò ní irun ojú wọn. Nígbà tí èbúté Tin Can ṣí ní 1977, wọ́n ru ẹrù níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi orí ru ẹrù ẹlòmíràn kí wọ́n tó ní mọ́tò tiwọn tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà Boundary. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò. Ilẹ̀ Faransé ti ṣíwọ́ ṣíṣe sàlúùnù 504 ní 1983, Kaduna ṣì ń to 504 lọ títí ó fi kọjá ọdún 2000. Ìdí nìyẹn tí o fi ṣì lè rí pátì rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀, bí o bá ní sùúrù láti rìn. Mú ògbólógbòó pátì náà dání lọ, kí o fi wé èyí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún ọ.

Rántí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ilé olójú-kojú ni ilé yín, fèrèsé ìyá àgbà tó wà ní yàrá kẹta sì kọjú sí ẹ̀yìn mọ́tò gan-an. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa ènìyàn láìṣe ariwo. Kí o tó tan án, ti mọ́tò náà jáde sí gbangba. Má da òróró dúdú sí gọ́tà; gọ́tà yẹn ló ń gbé omi wọ yàrá yín bí òjò bá pọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí nígbà tí o bá ń fọ tánkì.

Ìwé mọ́tò wà nínú àpótí bàbá rẹ. Wá a, kí o fi nọ́ńbà ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì wé ohun tó wà lára mọ́tò kí o tó ná kọ́bọ̀ mìíràn, torí orúkọ wọn ló ṣì wà níbẹ̀. Owó epo náà kò rí bíi ti ìgbà ayé wọn. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀, ìwọ náà ń rí i. Mọ́tò oníkábúrétọ̀ sì máa ń mu epo.

Ọjọ́ tí o bá máa gbé e jáde, kó jẹ́ kùtùkùtù òwúrọ̀ Sunday, láàárín àdúgbò, bí ìrìn ẹsẹ̀. Má tíì gbé e dé Wharf Road tàbí ọ̀nà Kirikiri láàárín tírélà àti táńkà. Tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹwàá kí o tó kúrò lójú ilé, kí o sì bọ́ sílẹ̀ wò ó bóyá ibì kan ń jò.

Mo ti fi ìgò òróró bíréèkì méjì rán awakọ̀ kan tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ Friday. Ìyá rẹ mọ gáréèjì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fọkàn tán ni mo ti rà á. Má ṣí ìdérí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó, kí afẹ́fẹ́ Apapa má baà wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò tí o bá ti ṣí, dà á nù.

Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.