Ìrìn-àjò Ìmọ̀ láti Fìdítì sí Ìbàdàn: Ètò tí Olùkọ́ Èdè Yorùbá Gbọ́dọ̀ Ṣe Ṣáájú

Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ èdè Yorùbá máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lé lórí jù ni 'Ìrìn-àjò kan tí mo lọ'. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Afijió, a bá ìwé àròkọ 41 lórí tábìlì ọ̀kan nínú wọn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Kíláàsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni. Ibi mẹ́jọ ni olùkọ́ wọn kọ sínú ètò ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan náà. A jókòó, a ka àwọn ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni 39 nínú wọn ń sọ: wọ́n tètè jí, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ ìrẹsì àti ẹran adìẹ, wọ́n sì padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà. Ìbàdàn kò sí níbẹ̀. Bí a bá fi Abẹ́òkúta tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ rọ́pò orúkọ ìlú náà, kò sí gbólóhùn kan tí yóò yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.

Ìwé méjì tí ó kù ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn ọmọ méjèèjì tí ó kọ wọ́n ni bọ́ọ̀sì gbàgbé sí Dùgbẹ̀, nítorí pé olùkọ́ kò ka iye akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n ń sáré lọ sí ibi kẹfà. Ìyá kan tí ó ń ta abọ́ àti ìkòkò ni ó mú wọn jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko, títí olùkọ́ fi wá wọn rí. Ọ̀kan nínú wọn kọ nípa bí ìyá yìí ṣe ń pe oníbàárà: ọkùnrin ni 'ọkọ mi', àgbàlagbà obìnrin ni 'ìyá', ẹni tí ó bá mú àpò ìwé dání ni 'ọ̀gá'. Èkejì kọ nípa bí ó ṣe fi owó àkọ́tà rẹ̀ kan iwájú orí kí ó tó kó o sápò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ti pọ́n.

A kò lè gba olùkọ́ kankan nímọ̀ràn pé kí ó sọ ọmọ ọlọ́mọ nù kí àròkọ lè dára. Ìpayà tí ó bá olùkọ́ yẹn àti àwọn òbí ní ọjọ́ náà kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn ni pé àwọn tí ó jókòó sójú kan ni ó rí Ìbàdàn. Àwọn tí ó lọ sí ibi mẹ́jọ kò rí i. Lórí èyí ni a fẹ́ gbé ètò tí a ń dábàá kalẹ̀.

Ìdí tí a fi mú Ìbàdàn dípò Èkó

Èkó ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fà sí. Láti ọdún 2021 tí ìjọba ti ṣí ojú irin tuntun tí ó jẹ́ kìlómítà 157 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ìfẹ́ yìí tún lé sí i, nítorí pé Mónìyà, lójú ọ̀nà tiwa gan-an, ni ibùdókọ̀ ojú irin ti Ìbàdàn wà. Ẹni tí ó bá ti Fìdítì dé Mónìyà lè wọ ọkọ̀ níbẹ̀ kí ó sọ̀ ní Ẹbúté-Mẹ́tà. A kò ta ko irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ owó ń bẹ níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye tí à ń háyà bọ́ọ̀sì ti ga ju ohun tí apá ọ̀pọ̀ òbí ká lọ. Bí ó bá jẹ́ ìdajì kíláàsì ni ó lè san owó ìrìn-àjò, ìdajì yòókù yóò kàn máa gbọ́ ìròyìn ni, olùkọ́ kò sì ní lè fi ìrìn-àjò náà kọ́ gbogbo wọn ní iṣẹ́ kankan.

Ìdí kejì ni pé àwọn ọmọ Fìdítì, Ìlórà àti Jọ̀bẹ̀lẹ̀ gbà pé àwọn ti mọ Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ pé Ọjọ́ọ̀ àti Ìwó Road nìkan ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Ibi tí a ti ń sọ̀ nínú ọkọ̀ kan láti wọ òmíràn ni wọ́n ń pè ní ìlú. Ọ̀nà tí ó wà láàárín Fìdítì àti Ìbàdàn kò tó kìlómítà 50, ọsàn wa sì ń gba ọ̀nà náà lọ láti ìgbà àwọn bàbá wa, síbẹ̀ a lè rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì gun Òkè Mápó rí.

Ibi mẹ́ta péré

Ibi mẹ́ta ni kí olùkọ́ yàn, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó bá ìbéèrè tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu. A mọ̀ pé gbogbo ọmọ ni yóò béèrè ọgbà ẹranko tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwa pàápàá fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ ibẹ̀, ìdajì ọjọ́ ti lọ, ìrìn-àjò èdè àti ìtàn sì ti di ti ẹkọ́ nípa ẹranko. Kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mú wọn lọ ní ọjọ́ mìíràn.

Àkọ́kọ́ ni Dùgbẹ̀, níbi tí Cocoa House wà. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí ilé alájà 26 yìí, òun sì ni ó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. Iná jó o ní ọdún 1985. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Olùkọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ fún àwọn ọmọ pé 'Ilé Àwọn Àgbẹ̀' ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, nítorí pé owó irè oko, pàápàá kòkó, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Owó kòkó yìí kan náà wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Ọmọ àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni ó wà níwájú wa. Kí olùkọ́ mú wọn dúró sí ibi tí wọ́n ti lè rí ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó sì bi wọ́n pé: bí kòkó bá kọ́ èyí, kí ni ọsàn Fìdítì kọ́? Kí wọ́n má dáhùn níbẹ̀. Kí wọ́n gbé ìbéèrè náà relé.

Èkejì ni ilé ìṣọ́ tí ó wà ní Òkè Àrẹ̀. Bower's Tower ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n Láyípo ni àwọn ará Ìbàdàn sọ ọ́, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó ń yí po títí dé òkè. Orúkọ yìí nìkan tó ẹ̀kọ́ kan nínú mọfọ́lọ́jì. Láti òkè ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, tí ó lọ salalu láìlópin, yóò sì mọ̀ fúnra rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ń pe Ìbàdàn ní ìlú ńlá. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, ẹni tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn láti ọdún 1893. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ ni pé Bower yìí kan náà ni ó kó ọmọ ogun lọ fi ìbọn ńlá ba Ọ̀yọ́ jẹ́ ní ọdún 1895, ní ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní. Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí wọ́n ń gun ìrántí rẹ̀. A kò sọ pé kí olùkọ́ dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀. Kí ó sọ ìtàn náà bí ó ṣe rí kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n sì jọ jíròrò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Òkè Mápó àti Ọjà'ba tí ó wà nítòsí rẹ̀. Gbọ̀ngán Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, kò gba àkókò púpọ̀; òpó rẹ̀ ńláńlá ni ọmọ yóò wò. Ọjà ni kí a fi àkókò sí. Ọjà Ìba ni orúkọ rẹ̀, láti ara oyè Ìba Olúyọ̀lé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpajẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ọjà Ọba ni. Olùkọ́ tí ó ń wá àpẹẹrẹ bí ìpajẹ fáwẹ́lì ṣe lè fi ìtàn pamọ́ kò níláti wá a lọ síbòmíràn.

Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe nínú ọjà

Ní Ọjà'ba, kí a pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ọlọ́mọ-márùn-ún, kí olùkọ́ kan tàbí àgbàlagbà kan tẹ̀ lé ọ̀wọ́ méjì-méjì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì jókòó sí ìsọ̀ kan ṣoṣo fún wákàtí kan. Olùkọ́ ni yóò ti bá oníṣọ̀ọ́ọ̀bù tàbí oníṣọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àwọn ọmọ yóò kúnlẹ̀, tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn yóò sì kí i pé, 'Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọgbá o.' Nígbà tí ó bá dáhùn pé, 'Àṣẹ o, ẹ̀yin ọmọ mi,' ni wọn yóò tó jókòó. Kí ọ̀wọ́ kan máa kọ gbogbo ìkíni tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀, kí òmíràn máa fetí sí bí a ṣe ń ná ọjà, kí òmíràn sì tẹ́tí sí ìsọ̀rọ̀ wọn, irú bí 's' tí ó máa ń gba ipò 'ṣ' lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn. Kí a kìlọ̀ fún wọn dáadáa pé kò sí ẹ̀rín rínrín níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n ra nǹkan díẹ̀. Kò dára kí èrò mẹ́fà dí iwájú ọjà ọlọ́jà fún wákàtí kan kí wọ́n sì lọ lásán.

Ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò

Kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó kù ọ̀sẹ̀ méjì, kí olùkọ́ dá nìkan lọ, ní irú ọjọ́ àti irú wákàtí tí yóò kó àwọn ọmọ lọ. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ láti Ọjọ́ọ̀ títí dé Mókọ́lá ní aago mẹ́jọ kì í ṣe bákan náà ní aago mẹ́wàá. Kí ó mọ ẹni tí ń tọ́jú Láyípo, kí ó béèrè bóyá yóò ṣí lọ́jọ́ náà àti iye tí wọ́n ń gbà. Kí ó wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ó mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá lè dúró sí, nítorí pé ọ̀nà Òkè Àrẹ̀ kò fẹ̀, àwọn awakọ̀ Máíkírà kò sì ní mú sùúrù fún un. Olùkọ́ tí kò bá lè rí ọjọ́ kan ṣoṣo lò fún èyí kò tíì ṣetán láti kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ìgboro.

Ní ti kíkà: nígbà tí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n bá sọ̀, àti kí wọ́n tó kúrò ní ibikíbi. Kì í ṣe orí ni kí a kà, orúkọ ni kí a pè, kí ọmọ dáhùn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fóònù olùkọ́ méjì nínú àpò, kí gbogbo wọn sì mọ ibi kan pàtó tí ẹni tí ó bá ṣìnà yóò dúró sí ní ibi kọ̀ọ̀kan. Kí oúnjẹ ti ilé lọ. Ìrẹsì àti ẹran adìẹ kò burú, bí kò bá ti jẹ́ òun ni yóò gba gbogbo ojú ìwé àròkọ.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tẹ̀ lé ètò yìí pẹ̀lú kíláàsì kékeré kan ní Fìdítì. Kò ní kí wọ́n kọ 'Ìrìn-àjò kan tí mo lọ'. Ó ní kí wọ́n gbé ìbéèrè Dùgbẹ̀ lọ bá àgbàlagbà kan nílé, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó bá sọ. Ọmọbìnrin kan kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó ní bàbá àgbà òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ọsàn kọ́ ilé òun, páànù rẹ̀ nìyẹn lókè, ó sì rán ẹ̀gbọ́n òun mẹ́ta nílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó bi í léèrè pé, 'Bàbá, ṣé ẹ rí Cocoa House nígbà tí ẹ ń kó ọsàn lọ sí Dùgbẹ̀?' bàbá náà ní òun kọjá ní abẹ́ rẹ̀ ní àìmọye ìgbà, òun kò gbójú sókè wò ó rí, nítorí pé apẹ̀rẹ̀ ọsàn wà lórí òun.