Wine: Ògbufọ̀ Àárín Géèmù Windows àti Linux



Ní oṣù October 2025 ni Microsoft dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò dẹ̀ lè gba Windows 11, ni àwọn èèyàn bá ń gbé Linux sí i, torí ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: "Àwọn géèmù wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lọ nìyẹn?" Rárá o. Wine wà.

Kí ni Wine?
Kì í ṣe ọtí o! Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà 1.0 kò jáde títí di 2008. Ọdún 15 gbáko!

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?
Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan láti Ìbàdàn lọ sí ọjà ní Kano. Kò gbọ́ Haúsá, ẹni tó ń tajà ò gbọ́ Yorùbá. Ògbufọ̀ dúró sáàárín wọn. Ìyá ní, "Ẹ wọn ẹ̀wà mudu méjì fún mi." Ògbufọ̀ sọ ọ́ ní Haúsá, ẹ̀wà sì dé inú àpò ìyá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Wine. Géèmù máa ń bẹ Windows pé: "Ṣí fèrèsé fún mi," "Ka fáìlì yìí," "Gbé ohùn yìí jáde." Lórí Linux, Windows ò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Wine ló máa gba ọ̀rọ̀ náà, tí á sọ ọ́ fún Linux lọ́nà tó máa yé e. Ìṣirò inú géèmù fúnra rẹ̀ ò nílò ògbufọ̀, torí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti gbọ́ èdè yẹn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí géèmù kì í fi falẹ̀ púpọ̀.

Bí a ṣe ń lò ó
1. Lórí Ubuntu tàbí Linux Mint, ẹ ṣí terminal, kí ẹ kọ: sudo apt install wine
2. Ẹ wọ inú fódà tí géèmù wà. Bí fáìlì rẹ̀ bá ń jẹ́ setup.exe, ẹ kọ: wine setup.exe
3. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ: winecfg. Ibẹ̀ lẹ ti lè yan Windows XP. Géèmù tí wọ́n ṣe fún ojú 640 x 480 lè da ojú kọ̀ǹpútà rú; ẹ mú "Emulate a virtual desktop", kó lè jókòó sínú fèrèsé tirẹ̀.

3D Pinball tó bá Windows XP wá, tí wọ́n yọ kúrò nínú Vista, ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Wine. Windows 64-bit ò lè ṣí géèmù ayé Windows 3.1 mọ́, àmọ́ Wine lè ṣí àwọn kan. Ẹ ò rí i pé ògbufọ̀ ń rántí ohun tí onílé ti gbàgbé!

Ẹ ṣọ́ra o
Àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan máa ń kọ Wine, torí ohun tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó. Ẹ má dẹ̀ rò pé fáírọ́ọ̀sì Windows ò lè ṣe nǹkan kan. Ògbufọ̀ kì í yan ọ̀rọ̀: ó ń túmọ̀ ti olè náà. Drive Z inú Wine ń rí àwọn fáìlì yín, nítorí náà ẹ má ṣí ohun tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá, ẹ má sì fi sudo ṣí géèmù.

Ìbéèrè
1. Kí nìdí tí a fi pe Wine ní ògbufọ̀?
2. Kí ni géèmù ń ṣe tí kò nílò ògbufọ̀?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé wa.